Bí mo ṣe fi síkéèlì ìyàwó mi wọn ẹnu tírélà wa

Tírélà wa yìí, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ǹtì ni apá òkè ẹ̀, téèyàn bá ká a tán á di pẹrẹsẹ, ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá ti sáré díẹ̀ pẹ́nrẹ́n ńṣe láá máa fì sọ́tùn-ún fì sósì lẹ́yìn mi, tí sìtíárì á sì máa jà mọ́ mi lọ́wọ́. Táyà ni mo ń dá lẹ́bi, mo ti fẹ́ ra tuntun, kí ẹnìkan tó bi mí pé kílò mélòó ló ń tẹ ẹnu ẹ̀, ibi tó fi há ọkọ̀ yẹn, mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀.

Ó yẹ kí ẹnu yẹn gbé 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo tírélà, tó bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa fì. Tiwa, tẹ́rù bá wọnú ẹ̀ tán, tí sílíńdà gáàsì àti bátìrì wà níwájú, 1,100 kílò ni, mo ti gbé e gorí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá. Ìyẹn 110 sí 165, àmọ́ irin ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ gbà ju 150 lọ.

Síkéèlì tí ìyàwó mi fi ń wọn ara ẹ̀ ò mọ̀ ju kílò 130 lọ, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi kí n tó gbé e jáde, ẹ ò ní gbé jáàkì tó ń gbé ẹnu tírélà dúró lé irú ẹ̀ tààrà. Mo gbé páìpù kan sórí búlọ́ọ̀kù, ìkejì sórí síkéèlì, 90 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, mo tẹ́ pákó lé méjèèjì, pákó nìkan ti jẹ́ kílò 4 lójú síkéèlì. Mo fi òkúta há táyà níwá lẹ́yìn, mo wá rọra sọ ẹsẹ̀ jáàkì ka orí pákó, 30 sẹ̀ǹtímítà sí páìpù orí búlọ́ọ̀kù. Bó ṣe wà yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń dé orí síkéèlì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì o, torí ẹnu tírélà kọ́kọ́ ga sókè bí imú ajá, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ wà níbi tó máa ń wà tó bá há ọkọ̀ gan-an.

33 ni mo rí. Yọ 4, ó ku 29, lọ́nà mẹ́ta, 87! Ẹ̀rín pa mí, ṣebí èmi náà ni mo kó kúlà, jẹnẹrétọ̀ àti àpótí irinṣẹ́, bíi 60 kílò, sí ìdí tírélà pátápátá torí ó rọrùn láti mú níbẹ̀. Mo kó gbogbo ẹ̀ wá síwájú táyà, mo tún un wọ̀n, 47, ìyẹn 129. Ó dáa.

Mo wá ní kí n pọn omi sí táńkì, lítà 60, tó wà lẹ́yìn táyà. Ó já wá sí 41 àbọ̀, ìyẹn 112 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ tírélà ti di 1,160, tó yẹ kí ẹnu gbé 116 ó kéré tán. Mo da omi nù. Tá a bá débi tá a ń lọ la máa pọn ọ́n.