Bí mo ṣe mú kí iṣẹ́ olùwòsàn wu èèyàn nínú géèmù wa

Odidi oṣù méjì ni kò fi sẹ́ni tó fẹ́ ṣe olùwòsàn nínú géèmù ẹlẹ́ni márùn-ún tí mò ń ṣe. Jagunjagun ni gbogbo wọn ń dù. Mo rò pé ìwòsàn náà ni kò lágbára tó, ni mo bá fi kún un. Ńṣe ló burú sí i: kò sẹ́ni tó ń kú mọ́, ìjà kan ò sì ní parí bọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo jókòó ti ẹnì kan tó ń ṣe olùwòsàn lojú mi là. Kò wo ọ̀tá rárá! Ìlà márùn-ún tó ń fi bí ẹ̀mí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ṣe kù hàn, ní igun ojú kọ̀ǹpútà, ló tẹjú mọ́. Èyí tó bá ti dín kù, á tẹ bọ́tìnnì kan náà. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá rántí Discipline Priest, irú olùwòsàn kan nínú géèmù World of Warcraft, tí agbára rẹ̀ tó ń jẹ́ Atonement máa ń sọ ọgbẹ́ tó bá dá sí ọ̀tá lára di ìwòsàn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gé ìwòsàn lásán sí ìdajì, àmọ́ tí ọfà mẹ́ta tí olùwòsàn ta bá ba ọ̀tá, ìwòsàn tó kàn á di ìlọ́po mẹ́ta. Ní báyìí, ó ní láti yàn: ṣé kó ta ọfà kan sí i ni, àbí kó tètè gba ẹni tó ń kú lọ yìí là?

Mo tún fún jagunjagun ní ìkọlù ńlá tó ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀mí tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa wojú ara wọn.

Lánàá, èèyàn méjì ń du ipò olùwòsàn. Ó ku ìró ọfà yẹn. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.