Bí mo ṣe sanwó dátà lẹ́ẹ̀mejì nítorí fáìlì kan ṣoṣo

Gígábáìtì 28 ni fáìlì náà. Mo fi owó oúnjẹ ra dátà, mo sì dáńlóòdù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀ níbí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ra dátà mìíràn, mo tún dáńlóòdù fáìlì kan náà. Ohun tó dùn mí wọra ni pé kò yẹ kí n ná owó kejì yẹn rárá.

Ìgbì rédíò tí háídírójìn inú àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) ń tú jáde ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tó máa ń wá ní nǹkan bíi 1420 MHz. Áńténà 27 tó wà ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní VLA, ló gba àwọn fáìlì tí mo lò. Áńténà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 25. Bí àkókò àwọn tó ni iṣẹ́ bá ti kọjá, ẹnikẹ́ni ló lè gba fáìlì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà tí a ó fi gbé e dé Ifẹ̀ la máa sanwó fún.

Fáìlì mẹ́rin ni mo ní. Bí mo bá fi ọwọ́ ṣe wọ́n nínú CASA, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di àwòrán, ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, bí NEPA bá sì mú iná láàárín, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ script, àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀, ní Python: kí n tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kí n sùn, kí n jí bá àwòrán. Mi ò ní fi bí a ṣe ń gbé CASA sórí kọ̀ǹpútà dá yín dúró. Ohun tí script náà ń ṣe ni pé ó ń yọ ariwo àti áńténà tó ṣàìsàn kúrò, ó ń fi 3C286, ohun kan lójú ọ̀run tí a ti mọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó ṣe òṣùwọ̀n, ó ń fi calibrator (ohun tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n) kejì tó wà nítòsí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà tọ́ ìyípadà ojú ọ̀run sọ́nà, lẹ́yìn náà ni àṣẹ CASA tó ń jẹ́ tclean á ya àwòrán.

Fáìlì àkọ́kọ́ yọrí. Ní ìdájí ni mo ṣí i, mo rí apá háídírójìn méjì tó rọra tẹ̀ yí ká, tó mọ́ kedere. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá, ṣùgbọ́n mo pariwo. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni!

Ìkejì ló fojú mi rí màbo. Àwòrán rẹ̀ dà bí gíláàsì fèrèsé tí eruku ọyẹ́ bò. Mo ṣí log, àkọsílẹ̀ ohun tí CASA ṣe, mo bá ìlà kan náà léraléra, ó ju igba lọ: solutions flagged due to SNR < 3. Ìyẹn ni pé ìgbì tó wọlé kò lágbára tó láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo wá ohun tó fà á títí mo fi rí i. Nọ́ńbà ni mo fi pe àwọn ohun tí a ń wò nínú script: 1 ni calibrator, 2 ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Nínú fáìlì kejì, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ ètò wọn, nọ́ńbà ti yí padà. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò lágbára ni script mi ń fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti tún un ṣe. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Eruku náà ṣì wà. Òru mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ nǹkan nínú script yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán, àwòrán kò yí padà. Mo wá gbà pé fáìlì ló bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, mo ti pa tar rẹ̀, ìyẹn àpò tí mo dáńlóòdù gan-an, rẹ́ nítorí àyè dísìkì. Mo kó èyí tó wà nílẹ̀ sórí dísìkì ọ̀rẹ́ mi, mo ra dátà òru, mo jókòó tì í láti aago méjìlá sí márùn-ún fún òru méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo ń tún un so.

Ó yọrí. Inú mi dùn títí mo fi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi.

"Ṣé o ò wo flagversions ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní kí n gbé èyí tí mo pè ní òkú wá. Wọ́n tẹ flagmanager, àṣẹ CASA tó ń ṣí àwọn ẹ̀dà tí a tọ́jú, àwọn orúkọ kan jáde, applycal_1 sì wà nínú wọn. Wọ́n dá fáìlì náà padà síbẹ̀, wọ́n tẹ script mi tí mo ti tún ṣe, àwòrán náà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ibikíbi tí òṣùwọ̀n bá ti kùnà, applycal, àṣẹ tó ń fi òṣùwọ̀n tún fáìlì ṣe, á fi àmì sí dátà ibẹ̀ pé kò dára, àmì náà á sì dúró sínú fáìlì. Títún script ṣe kò pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó fi àmì kankan sí i, ó ti tọ́jú ẹ̀dà bí nǹkan ṣe wà sínú fódà flagversions tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì. Mo ti ń rí fódà yẹn láti ọjọ́ kìíní, mo rò pé pàǹtírí ni!

Ní báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí script mi ń ṣe ni pé ó ń dá àmì padà sí ẹ̀dà tí mo pè ní ìpìlẹ̀. Mo yọ gbogbo nọ́ńbà kúrò, orúkọ ni mo fi ń pe nǹkan. Ó sì ń fi rmtables pa àwòrán àtijọ́ rẹ́, torí bí tclean bá bá a níbẹ̀, orí rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú solutions, ìyẹn èsì òṣùwọ̀n, bá kùnà, ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó kan applycal. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ì bá ti gbà mí.

Fáìlì kẹrin parí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Sátidé, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Owó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà lọ́rùn mi, tar mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí dísìkì.