Ọmọ Conure Tí A Mú Kúrò Láàárín Ọmọ Ìyá Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Jẹ́ Kí Ó Mọ́ni Lára

A kọ ìwé yìí nítorí ikú kan tí kò yẹ kí ó máa pa ọmọ conure, irú ayékòótọ́ kékeré kan tí a ń sìn, nínú ilé ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ikú ebi. Ara ẹyẹ náà le nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, oúnjẹ kò sì wọ́n nínú kéèjì rẹ̀, síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n bá òkú rẹ̀ nílẹ̀ kéèjì. Àwọn tí ó ni ín a máa búra pé abọ́ rẹ̀ kún títí di ọjọ́ tí ó kú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n èèpo ni ó kún inú abọ́ náà. Conure a máa la hóró, a jẹ inú rẹ̀, a sì da èèpo rẹ̀ lé orí èyí tí ó kù; èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì lè máa fi ẹnu tú hóró ká láti àárọ̀ di alẹ́ láìgbé nǹkan kan mì. Ẹ má fi abọ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ jẹun. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn èròjà oúnjẹ, tí ó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé àpótí fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹyẹ wọ inú àpótí náà. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀ fún ọjọ́ 14, lẹ́yìn tí ó bá ti yàgbẹ́ àkọ́kọ́, kí ó tó fi ẹnu kan oúnjẹ, kí ẹ sì kọ iye náà sínú ìwé. Irú conure tí wọ́n ń pè ní green-cheeked sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 60 sí 80, irú tí wọ́n ń pè ní sun conure sì máa ń wà láàárín 100 sí 130, ṣùgbọ́n iye tí ó ṣe pàtàkì ni iye tí ẹyẹ tiyín bá wọlé. Bí èyí tí ó wọlé pẹ̀lú gíráàmù 70 bá já sí 66, ẹ fi oúnjẹ rírọ̀ kún tirẹ̀, kí ẹ sì dá gbogbo ẹ̀kọ́ mìíràn dúró. Bí ó bá já sí 63, ó ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko tí ó mọ ẹyẹ, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Nípa yíyàn, ẹ má gba ọmọ tí kò tíì lè dá jẹun. Àwọn kan ń tan ènìyàn pé ọmọ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín fún ní oúnjẹ ni yóò fẹ́ràn yín jù. Irọ́ ni, ó sì ti pa ẹyẹ púpọ̀. Oúnjẹ lílọ̀ tí a ń fún ọmọ ẹyẹ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá gbóná jù, yóò jó àpò oúnjẹ tí ó wà lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀, bí ó bá tutù, kò ní dà, bí ó bá sì gba ọ̀nà èémí, ẹyẹ náà ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹni tí ó ti kọ́ ọ ni. Conure púpọ̀ máa ń dá jẹun láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ka ọ̀sẹ̀, ẹ bi ẹni tí ó ń sìn ín léèrè pé ó ti tó ọjọ́ mélòó tí wọ́n ti fi ọwọ́ fún un ní oúnjẹ kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí ó fi ìwọ̀n ọjọ́ 7 tí ó kọjá hàn yín. Ọmọ ẹyẹ a máa fọn díẹ̀ nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ ti dúró sójú kan kí ẹ tó gbé e. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan láti fi hàn, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn ọmọ náà wà, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó na ọwọ́ sí ọ̀kankan. Èyí tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó wú ìyẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ni àwọn ènìyàn ń yàn pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà èyí tí ó ń tòògbé ní ọ̀sán nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Ẹ mú èyí tí ó ń jẹun lójú yín, ìbáà tilẹ̀ máa fà sẹ́yìn fún yín. Kí ihò imú rẹ̀ gbẹ, kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ìgbẹ́ má ṣe lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹran sì wà ní ìhà méjèèjì egungun àyà rẹ̀. Àwọ̀ kò ṣe pàtàkì: ọmọ sun conure a máa ní àwọ̀ ewé púpọ̀ lára, ó sì ń ju ọdún kan lọ kí àwọ̀ ìyeyè tó bò ó.

Ìdí tí kì í fi í jẹun ni ìdí kan náà tí kì í fi í mọ́ni lára. Agbo ni conure ń gbé nínú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà tí ó ti wá, ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹ ni òun náà ń jẹ, ẹ sì ti mú un kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ni agbo rẹ̀ báyìí. Ẹ gbé oúnjẹ tiyín wá sẹ́bàá kéèjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Oúnjẹ tí ó ń jẹ níbi tí ó ti wá ni kí ẹ fi sínú abọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 14, láìyí ohunkóhun padà, àfi oúnjẹ rírọ̀ tí ẹ bá fi kún un nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá já. Bí ó bá ń ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń wá. Ẹ súfèé kúkúrú kan dá a lóhùn láti ibi tí ẹ wà, kí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹ má sáré wá ní gbogbo ìgbà tí ó bá ké. Ẹ má sì tìtorí àánú fi í sọ́dọ̀ ẹyẹ mìíràn kí ọjọ́ 30 tó pé, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ó wà.

Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́. Ẹ na ṣírí jéró láti ìta kéèjì, kí ẹ máa gé e kúrú sí i lójoojúmọ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi súnmọ́ ìka yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, lókè ẹsẹ̀, kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà, yóò sì gùn ún. Ìṣẹ́jú 5 ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti tó. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ lé e ká, bí ó bá sì gé yín jẹ, ẹ má fa ọwọ́ yọ, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ ń pa ẹyẹ, nítorí náà ẹ má gbé kéèjì sítòsí ilé ìdáná. Píà (avocado) àti ṣokoléètì náà jẹ́ májèlé fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, tí ìwọ̀n kò bá yẹ̀, ẹ lè máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ ẹyẹ tí ilé iṣẹ́ ṣe rọ́pò hóró díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nítorí hóró nìkan kì í fún un ní fítámì A tó. Ní gbogbo àkókò àyípadà náà, ẹ padà sí wíwọ̀n ọ́n ní àràárọ̀, nítorí ẹyẹ tí kò mọ oúnjẹ tuntun yóò máa tú u ká nínú abọ́ bí ó ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.