Ìrírí mi: bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àsùbáà tí mo fi dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀

Nígbà tí mo fẹ́ tún ìgbé ayé mi ṣe díẹ̀díẹ̀, ibi tí fóònù mi ń sùn ni mo kọ́kọ́ yí padà. Mi ò fi ohun mìíràn kún un. Mo gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáàjì rẹ̀ ní pálọ̀, mo sì ra aago ìtanijí kékeré kan lọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta.

Níbi àsàlátù ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Àlùfáà wa ka hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Ìyá wa Àíṣà gbà wá, tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí à ń ṣe déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Láti ilé kéú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo bi ara mi pé: kí ló kéré tó tí mo lè ṣe lọ́jọ́ tí ọjà bá gbé mi lágbára tán, tí kò síná, tí ọmọ ń wúkọ́ láti òru? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ mú wọlé. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe lọ́jọ́ burúkú, mo máa ń gé e kù títí yóò fi ṣeé ṣe.

Nígbà tí fóònù ti mọ́ pálọ̀ lára, mo mú rakaa méjì tó ṣáájú àsùbáà wọlé, èyí tí Ànábì sọ pé ó sàn ju ayé àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Alẹ́ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí n tó sùn, omi á ti wà nínú kẹ́tù àlùwàlá, ẹní ìkírun á ti wà nílẹ̀, híjáàbù á sì wà lórí rẹ̀. Ní wákàtí yẹn, ohunkóhun tí mo bá ní láti wá kiri nínú òkùnkùn, oorun ló ń bá ṣiṣẹ́.

Lórí ẹní kan náà ni mo ti ń ka Kùránì. Ìdajì ojú ìwé ni. Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà ní ojú ìwé 604, gbogbo wa la sì mọ ìṣirò Ràmàdáánì: ojú ìwé mẹ́rin lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, ogún lójúmọ́, kí oṣù tó parí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán. Ìyẹn dára fún Ràmàdáánì. Ṣùgbọ́n tí Ṣàwálì, oṣù tó tẹ̀lé e, bá wọlé, tí oníbàárà ti ń pe fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdajì ojú ìwé ló máa ń dúró tini. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ sọ nínú Súrà Muzzammil, ẹsẹ 20, pé kí á ka ohun tó bá rọrùn. Lọ́jọ́ tí mo bá kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ di òfin fún ọ̀la.

Ẹ ó ti rí i pé ara ohun tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni mo ń so ohun tuntun mọ́. Ẹni tó ń kírun márùn-ún lójúmọ́ ti ní òpó márùn-ún nílẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní máa fi orí rántí nǹkan kan. Lẹ́yìn àílà, mo máa ń mu ìgò omi kan tán kí n tó padà jókòó sí ìsọ̀. Bí mínírà ṣe kúrò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Lẹ́yìn àlàásárì, mo máa ń rìn yí ìlà ìsọ̀ wa ká, nítorí àti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni èmi tí mo ń ta àdìrẹ ti máa ń wà lórí àpótí.

Sàráà ni mo so mọ́ ọjà àkọ́tà. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì mi tí mo lu ihò sí lórí. Bí mo bá ti ta ti àkọ́kọ́, àádọ́ta náírà a wọ ibẹ̀, yálà mo jèrè púpọ̀ tàbí díẹ̀. Tó bá di Jímọ̀, ó di ti àwọn ìyá arúgbó tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Láti ìgbà yẹn, ọkàn mi rọ̀ nídìí ìnájà. Ẹni tó bá dúnàádúrà jù kò bí mi nínú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti ń wọkọ̀. Dípò kó já mi sí Ìtòkú níbi tí ìsọ̀ mi wà, Ṣàpọ́n ni mo ń bọ́ sílẹ̀, mo sì ń fi ìka ka tẹ̀sùbáà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí èémí yá díẹ̀. Abẹ́òkúta tó jẹ́ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò jẹ́ kí ìyẹn ṣòro. Àlájà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi rí mi, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé owó ọkọ̀ tán ni?” Mo ní, “Rárá o, mà. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ ò bá jẹ́ ká jọ máa rìn.” Lọ́jọ́ ọjà báyìí, òun ló máa ń dúró dè mí ní Ṣàpọ́n.

Nípa ìgbà tó yẹ kí á fi òmíràn kún un, iṣẹ́ aláró ni mo wò kọ́. Aṣọ tó bá jáde nínú aró ẹlú máa ń ní àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Aláró á nà án sáfẹ́fẹ́ kó tó tún rì í, ìgbà tó bá rì í léraléra ló ń dú. Èmi náà kì í gbé ohun kejì lé ti àkọ́kọ́ àfi tí ara mi bá ti ń wá a fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣe é.

Ìdí ìkòkò ni mo fara balẹ̀ sí jù, nítorí ìfúnpá gíga, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà nílé wa, kì í sì í kígbe kó tó ṣe ni léṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Mi ò fọwọ́ kan láfún. Ẹni tó bá ní kí Ẹ̀gbá fi láfún sílẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Òkèlè mi ni mo dín kù díẹ̀, tí mo sì bu ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún un. Iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 fún àgbàlagbà lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìpo-tíì kan, pẹ̀lú iyọ̀ tó ti wà nínú mágí àti búrẹ́dì. Ìkòkò tó ń gba mágí mẹ́rin, mo fi mẹ́ta sí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ di méjì, irú wooro, àlùbọ́sà àti edé ló sì gba ipò èyí tó kúrò. Ahọ́n máa ń kọ́ra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ la mú un kúrò.

Ààwẹ̀ nàfílà ló kẹ́yìn. Ọjọ́ kan nínú ọjọ́ funfun mẹ́ta tó wà láàárín oṣù ojú ọ̀run ni mo mú, kí n tó kúrò níbẹ̀ sí Àlàmísì. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ìfúnpá, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbà á.

Bí àwọn ìyá àsàlátù wa bá bi mí níbi tí àwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bi wọ́n padà pé kí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ láìgbàgbé. Ìyá alákàrà kan ní iná ni òun ń dá. Mo ní kí wọ́n máa ka Súrà Kúlúwàláhù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí epo tó gbóná, nítorí Ànábì sọ pé ó tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta Kùránì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọmọ tó ń bá wọn lọ ẹ̀wà.