Oògùn àrùn ọpọlọ: ohun tí kò yẹ kí ẹbí àti aláìsàn máa ṣe

Ẹ má ṣe lọ haloperidol, ọ̀kan lára oògùn àrùn ọpọlọ, sínú ọbẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láì jẹ́ kó mọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti sú ẹbí kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn rẹ̀ bá ṣàdédé lọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò ní mọ ohun tó fà á. Yóò ní ẹ fi nǹkan sí òun lóúnjẹ, òótọ́ ló sì sọ. Ìgbà wo ni yóò tún gba oògùn lọ́wọ́ yín?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àìlèjókòó. Oògùn wọ̀nyí ń dènà dopamine, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ káàkiri. Èròjà yìí náà ló wà nídìí bí a ṣe ń rìn tí a sì ń na ọwọ́, ìdí nìyẹn tí ara àwọn kan fi ń le gbagidi. Àwọn mìíràn kò ní lè jókòó sójú kan: wọ́n á máa rìn lọ rìn bọ̀, ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Ará ilé á ní "ó tún ti bẹ̀rẹ̀", wọ́n á ní kí dókítà fi kún oògùn, nígbà tó jẹ́ pé oògùn náà gan-an ló lè máa dà á láàmú. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ bá sì ń jẹ láìsí oúnjẹ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ọsibítù. Ó lè má lọ mọ́, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá dá oògùn dúró.

Ẹ má ṣe da oògùn nù lójijì nítorí ẹ gbọ́ pé ó ń dín ọpọlọ kù. Ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀ o. Ní 2005, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀bọ tí ara wọn le, tí wọ́n fún ní haloperidol tàbí olanzapine, oògùn àrùn ọpọlọ mìíràn, fún oṣù 17 sí 27: ọpọlọ wọn fúyẹ́ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ṣùgbọ́n wo èsì ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023. Nínú àwọn tó ń dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà, bíi 25 nínú 100 ni àìsàn náà tún gbé dé ọsibítù láàárín ọdún 2. Nínú àwọn tí kò dín in kù, bíi 13. Ẹnì kan lè wo iye yìí kó sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òun kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹ má pa asofẹ́yẹjẹ pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine tó wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ náà ń gbẹ dopamine, ó sì ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Nígbà tí ara bá yá, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: oògùn tó bá ara òun mu, èyí tí kò bá a mu, ẹni tí kí wọ́n pè. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ dókítà, kí òmíràn wà nílé.