Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè) wa ní Rẹ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn síwájú àwọn dókítà àgbà lórí Zoom, ìbéèrè yín ni kó ṣáájú: “Ṣé kí n fi oògùn kún un ni, àbí kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù lónìí?” Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí orí ti ń fọ́ ọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti já kẹ́ ẹ tó débi tọ́rọ̀ wà.

Ẹ ka BP (ìfúnpá) bó ṣe rí, “180/110 láàárọ̀ yìí”, kì í ṣe “ó ga díẹ̀”. Oògùn wo ló ń lò, ṣé ó sì ń lò ó lóòótọ́? Ẹ béèrè àgbo o! Ọ̀pọ̀ wọn ò kà á sí oògùn, wọn ò ní dárúkọ ẹ̀ fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ òmíràn lè ṣe kíndìnrín léṣe.

Ẹ má dárúkọ aláìsàn. “Ìyá tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ìperu” náà, orúkọ nìyẹn. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? “Obìnrin ẹni ọdún 56” ti tó.

Tó bá jẹ́ egbò, ẹ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò lójúmọmọ, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, kójú má hàn. Ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ìpàdé.