Bí ìbẹ̀rù ìdá ṣe kúrò lára ọmọ ẹ̀gbọ́n mi
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ ìlọ́po lórí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ìdá, bíi 3/4 + 1/6, àyà rẹ̀ á já. Kì í ṣe òpè. Ìbẹ̀rù ni ó ń gba àyè tí ọpọlọ ìbá fi di nọ́ńbà mú. Ọgbọ́n tí Ramirez àti Beilock, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011 ni mo lò: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 10 kọ ohun tí ń bà á lẹ́rù sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, “Wọn á fi mí ṣẹ̀sín.” Lẹ́yìn náà, bí ó ti ń ṣe ìṣirò náà, ó ń fàmì sí ìlà tí ó bá rú u lójú. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé wíwá 12, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tí ìdá méjèèjì lè jọ lò, nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Ìyókù, títí dé 11/12, bí ẹní fẹran jẹ̀kọ ni.